Ṣé £300 á gbé èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ Valencia ní wíkẹ́ńdì?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ lọ sí Valencia ní Spain, ká lọ ní Friday ká padà ní Sunday. Ọ̀rẹ́ mi yìí máa pé ogójì ọdún ní March, ìyẹn la fẹ́ fi ṣe é. London la wà. Páàsìpọ́ọ̀tù British ni tèmi, ti Nàìjíríà ni tiẹ̀, fisa iṣẹ́ ló fi wà níbí. £300 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan wa ní, kò sí àfikún. Ṣé ó máa tó? Mo ti rí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kan, ọwọ́ ti ń yún mi láti rà á.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fi ọwọ́ yẹn sápò ná, má tíì ra nǹkan kan.

Tìẹ á tó, ti ọ̀rẹ́ ẹ ni ò ní tó, kì í ṣe pé ó ń náwó jù ẹ́ lọ o, páàsìpọ́ọ̀tù yín ni ò dọ́gba. Ìwọ ò nílò fisa, ohun tí wọ́n máa wò ni pé páàsìpọ́ọ̀tù ẹ ò tíì lé lọ́dún 10 lọ́jọ́ tó o bá wọlé, kó sì ṣì ku oṣù mẹ́ta lórí ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó o máa kúrò níbẹ̀, wọ́n á wá ya fọ́tò ẹ, o máa tẹ̀ka torí EES, ètò tí wọ́n fi ń kọ àlejò tó ń wọlé tó ń jáde sílẹ̀ ní ẹnubodè Europe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní October 2025, ìlà yẹn sì máa ń gùn nígbà míì. Òun ní tiẹ̀, Schengen visa ló máa gbà, ìyẹn fisa kan ṣoṣo tí Spain àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Europe jọ ń lò. €90 lowó fisa, BLS tó ń gba ìwé fún Spain níbí á gba owó iṣẹ́ tiwọn lórí ẹ̀, ó tún máa ra ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò tó bo €30,000 ó kéré tán. Kó tó ra omi mu, bí £100 ti lọ.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báyìí. Tíkẹ́ẹ̀tì lọ-bọ̀, ká fi sí £80. Yàrá alẹ́ méjì, bí €180 fún ẹ̀yin méjèèjì, ìyẹn bíi £78 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ wíwọ̀ £20, oúnjẹ £80. Ìwọ á ná nǹkan bíi £258, ọ̀rẹ́ ẹ á sún mọ́ £360. £60 tó lé yẹn, ẹ jókòó sọ ọ́ nísinsìnyí, ẹ má jẹ́ kó di ohun tẹ́ ẹ máa bínú lé lórí níwájú ẹni tó ń ta oúnjẹ. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ètò ìrìnàjò yìí ọjọ́ pẹ́, mo ti rí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ tí wọn ò jọ jókòó bọ̀. Ìwọ ló ku £40 lọ́wọ́ ẹ, òun ló ń ṣọjọ́ ìbí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ní kó o má rà á nìyẹn: tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kì í dápadà, fisa sì lè má jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́. Òfin gbà kó kó ìwé ẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n sábà máa ń fi wò ó, àmọ́ wọ́n lè fà á dé 45, ká má tíì sọ ti àpọ́íńtímẹ́ńtì tí èèyàn ń wá bí ẹní ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lónìí, London, Manchester àti Edinburgh ni ọ́fíìsì BLS wà. Hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá lè fagi lé láìsan kọ́bọ̀ ni kó fi síwájú wọn, ti ọkọ̀ òfuurufú, ìwé pé wọ́n bá a di àyè mú ti tó, kò pọn dandan kó ti sanwó. Kó rí i pé fisa UK òun náà ṣì ní ju oṣù mẹ́ta lọ.

March tó o dá yẹn ńkọ́? Ọdún Fallas wọn bọ́ sí 15 sí 19 March, wọ́n máa ń gbẹ́ ère gàgàrà sójú títì tí wọ́n á dáná sun wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó rẹwà lóòótọ́ àmọ́ owó yàrá á fò sókè débi pé £300 ò ní já mọ́ nǹkan kan. Wíkẹ́ńdì àkọ́kọ́ ní March ni kẹ́ ẹ lọ. Láti 1 March lójoojúmọ́ ni wọ́n ti ń yin bánger ní aago méjì ọ̀sán ní gbàgede ìjọba ìlú, wọ́n ń pè é ní mascletà, ilẹ̀ á mì tìtì, ọ̀fẹ́ ni. Kí ni ẹni tó ń ṣe ogójì ọdún tún ń fẹ́?

Tíkẹ́ẹ̀tì náà wàyí. Má wo iye owó nìkan, wo aago. Oníbàárà mi kan ra ti £19, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń gbéra ní Stansted, kò sí réluwè tó lè gbé e débẹ̀ kó bá a, ó bá gbé táksì, £90, ó tún dé ibẹ̀ tí oorun ń kùn ún, ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Friday ọ̀sán ni kẹ́ ẹ gbéra, Sunday ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ bọ̀, bó tiẹ̀ fi £25 wọ́n jù. Báàgì kékeré kan ṣoṣo lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n nílé: easyJet gba 45 × 36 × 20 sẹ̀ǹtímítà, ti Ryanair kéré sí i, 40 × 30 × 20. Èyí tó bá sanra jù, owó tí wọ́n á gbà ní géètì lè ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ibùsùn: "hostal" ni kẹ́ ẹ wá o, kì í ṣe "hostel". Lẹ́tà kan péré ni wọ́n fi yàtọ̀ àmọ́ hostal jẹ́ ilé àlejò kékeré tẹ́ ẹ máa ní yàrá tiyín, ìkejì ni ibi tẹ́ ẹ ti máa bá èèyàn mẹ́jọ sùn. Ẹ fi àdúgbò El Carmen sílẹ̀, ariwo ibẹ̀ lálẹ́ Saturday ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Benimaclet ni èmi máa ń fi àwọn èèyàn mi sí, àdúgbò akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ ò wọ́n, metro Line 3 tó ń bọ̀ láti airport gba ibẹ̀ kọjá, tram tó ń lọ etí òkun náà wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì airport wọ́n ju ti inú ìlú lọ, ẹ má bínú. Fún inú ìlú, ẹ ra SUMA 10 ẹyọ kan, káàdì ọkọ̀ wíwọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni, ẹ̀yin méjèèjì lè jọ lò ó. Tí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi káàdì sanwó bá sì bi yín bóyá pọ́ùn tàbí euro lẹ fẹ́ san, ẹ tẹ euro, pọ́ùn yẹn ìyànjẹ ni.

Saturday àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ Mercat Central torí kì í ṣí ní Sunday, ọjà ńlá ni, ọdún 1928 ni wọ́n ṣí i. Bí aago mẹ́wàá, ẹ jẹ esmorzaret, búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ki ẹran tàbí ẹyin sínú, ẹ̀pà àti ólíìfù á bá a wá, pẹ̀lú ohun mímu àti kọfí, kì í sábà kọjá €9, ẹ ò ní rántí oúnjẹ ọ̀sán.

Sunday ni paella. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́ o, ẹni tó bá ń ta á fún yín lálẹ́, àlejò ló ń ta á fún. Ti Valencia gan-an, adìyẹ àti ehoro pẹ̀lú ẹ̀wà ni, kò sí edé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ò ní sè é fún ẹnì kan, èèyàn méjì ló kéré jù, ẹ̀yin sì rèé. Ìdí ìkòkò tó jó yẹn, tá a máa ń jà sí níbi jollof òde àríyá, socarrat ni wọ́n ń pè é, àwọn náà ń jà sí i.

Ẹ tún gun Line 3 kan náà dé Alboraya, ìlú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valencia, ẹ lọ mu horchata. Ọ̀rẹ́ ẹ á rẹ́rìn-ín: òfio ni, òfio tí wọ́n ń wọ̀n tà ní ilé wa, tí àwọn kan ń pè ní ìmumu, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ṣúgà sí i, tútù nini.

Ọgbà Turia náà ọ̀fẹ́ ni, bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, odò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí omíyalé 1957 tó mú kí wọ́n darí ẹ̀ gba ẹ̀yìn ìlú. Ẹ rìn ín dé Ciutat de les Arts, àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì, ẹ ya fọ́tò níta, ẹ má wọlé, owó inú ẹ̀ ò sí nínú £300 yín.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ra ham tàbí wàràkàṣì wálé o, láti April 2025 ni UK ti fòfin de kéèyàn máa gbé irú ẹ̀ bọ̀ láti Europe, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Horchata náà ò ní kọjá síkúrítì. Òfio gbígbẹ ni kẹ́ ẹ rà lọ́jà ní Saturday yẹn, ẹ lọ̀ ọ́ nílé.