Èsì: Àwọn orúkọ tí káfíńtà kọ sínú ìwé iye owó òrùlé

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní káfíńtà kọ wall plate, king post, purlin, fascia, ridge cap àti 0.55 sínú ìwé tó fún yín, kò sì ṣàlàyé.

Wall plate ni igi tí wọ́n ń tẹ́ sórí bílọ́ọ̀kù. Òun ni àwọn igi òrùlé yòókù gbára lé. Ẹ rí i pé wọ́n so ó mọ́ ògiri dáadáa, nítorí ìjì. King post ni òpó àárín tó dúró lábẹ́ ṣóńṣó òrùlé. Purlin ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kan páànù mọ́. Fascia ni pákó etí òrùlé, ridge cap sì ni páànù tó bo ṣóńṣó òrùlé.

0.55 yẹn gan-an ni owó wà. Bí páànù ṣe nípọn tó ni, ní mìlímítà. 0.45 fẹ́lẹ́ jù ú lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Àwọn kan á gba owó 0.55, wọ́n á gbé 0.45 wá (ẹ má bínú, ẹ̀yin káfíńtà tòótọ́). Ojú lásán kì í sábà mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irinṣẹ́ wọ̀n ọ́n lójú yín kí wọ́n tó kan ìṣó kankan.

Mi ò rí valley, ìyẹn ibi tí apá òrùlé méjì ti pàdé ní kọ̀rọ̀, nínú ohun tí ẹ kọ. Bí ilé yín bá ní kọ̀rọ̀ bíi lẹ́tà L, ẹ bi káfíńtà nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni omi apá méjèèjì ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni òrùlé sábà máa ń jò.