Ta Ló Ní Kí Ẹ Máa Fa Ṣéènì Yẹn Le?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Boxer 150 ni mo ń gùn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń kó ara wa jọ lọ́jọ́ Sátidé, a ó gun alùpùpù láti Akúrẹ́ lọ sí Ìdànrè tàbí Ọ̀wọ̀, nígbà mìíràn a ó dé Ìkàrẹ́. Ṣéènì kì í pẹ́ lára tèmi. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ibi tí a bá ti dúró sinmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń rìn máa ń bá mi fà á le. Ní báyìí ó ń dún hùùù tí mo bá ń sáré, ọ́ìlì sì ń jò díẹ̀díẹ̀ níbi tí ṣéènì ti wọ ara ẹ́ńjìnì. Ṣéènì wo ló le jù tí mo lè rà? Ẹnì kan ní kí n lọ fi ti alùpùpù ńlá sí i. Ṣé òótọ́ sì ni pé ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ló dára jù láti dà sí i? A fẹ́ gun òkè Ọ̀kà Àkókó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. (Arìnrìn-àjò, Ọ̀bá-Ilé)

Ìdáhùn: Àbúrò, mo kí ọ o. Ṣéènì tó le lo ń bi mí, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ṣéènì rẹ wà nínú ìwé tí o kọ, o kàn kọjá lórí rẹ̀ ni. "Gbogbo ibi tí a bá ti dúró ni wọ́n máa ń bá mi fà á le." Ṣéènì rẹ ò ṣàìsàn. Wọ́n ń fún un lọ́rùn ni.

Kí n tètè sọ ti alùpùpù ńlá kúrò lọ́nà. Kò ní wọlé. Ṣéènì tó wà lára tìrẹ, 428 ni wọ́n kọ sí i lára. Láti pín-ìnnì kan, irin kékeré tó so ojú ṣéènì kan mọ́ òmíràn, sí pín-ìnnì tó tẹ̀lé e jẹ́ mìlímítà 12.7. Èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù ńlá, 520 tàbí 525, mìlímítà 15.875 ni tiwọn. Eyín tí ọ̀kan bá jókòó sí, èkejì ò lè jókòó sí i. Ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn yẹn ò tíì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gidi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í ti irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìgbàgbọ́ tó gba ìlú kan ni pé ṣéènì tó bá le gbagidi ló ń fún alùpùpù lágbára, pé èyí tó dẹ̀ ń jẹ epo. Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Ṣéènì tó bá dẹ̀ jù máa ń pariwo, á máa na irin tó bò ó pá-pá-pá, tí o bá sì fún un níná, á kọ́kọ́ já ọ kó tó gbéra. Ó tilẹ̀ lè bọ́ kúrò lórí eyín. Bí ẹnì kan bá wá fà á, ariwo á dákẹ́, alùpùpù á sì dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fà á á nu ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Ṣé o rí i?" Láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tó bá ti ṣe alùpùpù, wọ́n á mú sípánà, ó di ṣéènì.

Gbé alùpùpù rẹ sórí sítáǹdì àárín, kí o wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Irin eléyín kékeré kan wà lẹ́nu ẹ́ńjìnì, ńlá kan sì wà lára táyà ẹ̀yìn. Sprocket ni à ń pe méjèèjì. Táyà ẹ̀yìn yẹn ò dúró sójú kan. Apá irin gígùn méjì ló dì í mú, bóòtù ńlá kan ló sì so àwọn apá náà mọ́ ara alùpùpù. Ibi bóòtù yẹn ni wọ́n ti ń lọ sókè sódò nígbà tí o bá wọ kòtò. Ojú ibi tí bóòtù náà wà kọ́ ni sprocket iwájú wà. Bóòtù wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí táyà bá ṣe ń gòkè ni ó ń jìnnà sí sprocket iwájú, títí sprocket iwájú, bóòtù yẹn àti àárín táyà ẹ̀yìn á fi tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló ti jìnnà jù, ibẹ̀ náà sì ni ṣéènì ti le jù. Alùpùpù tó wà lórí sítáǹdì, tí táyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kò tíì débẹ̀ rárá. Ìgbà tí ìwọ àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ bá gùn ún, tí ẹ di báàgì mọ́ ọn, tí ẹ wá já sí kòtò kan lọ́nà Ọ̀wọ̀, ìgbà yẹn ló ń débẹ̀.

Ẹni tó fa ṣéènì pinpin lórí sítáǹdì ti di ìgbànú kó tó jókòó ti iyán.

Bí o bá ń ṣiyèméjì, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Wo bó ṣe dẹ̀ tó nígbà tí kò sẹ́nì kankan lórí alùpùpù, kí o wá ní kí méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó sanra jù gùn ún, kí o tún fọwọ́ kàn án.

Tí àyè bá wá tán ńkọ́? Táyà fẹ́ gòkè, ṣéènì ò lè gùn sí i. Ohun kan ni yóò jìyà rẹ̀, béárìn, irin róbótó tí ọ̀pá sprocket iwájú ń yí nínú rẹ̀ nínú gíà bọ́ọ̀sì, ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo fura pé òun ló ń dún hùùù sí ọ létí yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ́ìlì síìlì wà, rọ́bà róbótó tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì jáde. Bí ọ̀pá bá ti ń mì, ẹnu rọ́bà náà á jẹ, ọ́ìlì á máa kán. Béárìn táyà ẹ̀yìn náà ò ní bọ́ nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí o fowó rà ò lè wọlé dáadáa mọ́ torí ṣéènì ti dì í mú, ìdí nìyẹn tí ìdí fi ń dun yín kí ẹ tó dé Ìkàrẹ́.

Ṣéènì ọ̀hún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ń nà. Irin rẹ̀ kọ́ ló ń gùn; àwọn pín-ìnnì inú rẹ̀ àti ihò tí wọ́n wà ló ń jẹra. Bó ṣe ń jẹra ló ń dẹ̀, bó ṣe ń dẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń fà á, bí wọ́n ṣe ń fà á ló tún ń jẹra. Lẹ́yìn náà ẹ ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, mi ò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n ojúlówó gan-an ò ní pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Bó bá já lórí ìrìn, ó lè dára, kí ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ padà lọ ṣà á. Ó sì lè má dára. Ó lè ká mọ́ sprocket iwájú, kó fọ́ ara ẹ́ńjìnì, tàbí kó di táyà ẹ̀yìn mú pa nígbà tí ẹ ń bọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Ọ̀kà Àkókó tí o dárúkọ yẹn, gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ ló mọ bí òkè rẹ̀ ṣe rí.

Báwo ló ṣe yẹ kó dẹ̀ tó? Fún irú alùpùpù tìrẹ, ní àárín sprocket méjèèjì, lára ṣéènì ìsàlẹ̀, tí o bá fi ìka tì í sókè sódò, mìlímítà 20 sí 30 ló wọ́pọ̀, nǹkan bí ínṣì kan. Àwọn alùpùpù gíga tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò lè fẹ́ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé tó bá alùpùpù rẹ wá tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára bá sọ nǹkan mìíràn, òun ni kí o tẹ̀lé, má tẹ̀lé mi. Yí táyà pẹ̀lú ọwọ́ kí o tó wọ̀n ọ́n, torí ṣéènì tó ti gbó máa ń le níbì kan, kó dẹ̀ níbòmíràn. Ibi tó le jù ni kí o ti wọ̀n ọ́n. Tú nọ́ọ̀tù táyà ẹ̀yìn, yí nọ́ọ̀tù kékeré tó ń fa ṣéènì, ti ọ̀tún àti ti òsì, dọ́gba, kí àmì méjèèjì bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà á máa wo ẹ̀gbẹ́. Tún nọ́ọ̀tù táyà dì dáadáa. Lẹ́yìn náà, tẹ bíréèkì ẹ̀yìn kí o tó gbéra! Bí táyà bá ti sún sẹ́yìn, bíréèkì náà ti yí padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èyí àfi lójú títì. Kí ẹ́ńjìnì sì wà ní pípa ní gbogbo àkókò yìí. Ṣéènì tó ń yí kì í bi ìka léèrè kó tó gé e.

Nǹkan kejì tó pa ṣéènì rẹ, bó bá jẹ́ bí mo ṣe rò ó: ṣé o pààrọ̀ sprocket méjèèjì nígbà tí o ra tuntun? O ò sọ. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti gbó, tó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, owó tó ṣòfò ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń pààrọ̀ pọ̀. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì ti gbó, fà á gbọn-ọn, ka pín-ìnnì mọ́kànlélógún, kí o wọ̀n láti àárín ti àkọ́kọ́ dé àárín ti ìkẹyìn. Lára 428 tuntun, mìlímítà 254 ló máa jẹ́. Bó bá ti dé 259, ó ti parí.

Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù? Ẹ jọ̀ọ́ o. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò tán, tí ìyẹ̀fun irin kún inú rẹ̀, ni ẹ ń dà sórí ohun tí ẹ ò fẹ́ kó jẹra. Fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí o wá fi gíà ọ́ìlì 90 díẹ̀ sí i láti inú, nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé tó ṣì gbóná. Nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò kó má baà ta sára táyà. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku pọ̀, ṣe é léraléra. Má fi epo pẹntiróòlù fọ̀ ọ́.

Mi ò bínú sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi náà mọ bí ó ti ń rí, kí alùpùpù ẹnì kan kú lẹ́bàá ọ̀nà, kí gbogbo àwọn tó kù yà sílẹ̀, kí ọ̀kan mú sípánà, òmíràn mú omi, ẹnì kan á ti máa sọ̀rọ̀ tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ náà gba ibòmíràn. Kí ẹni tí alùpùpù rẹ̀ kéré jù máa ṣáájú, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ díẹ̀ máa kẹ́yìn, kó má sẹ́ni tí wọ́n á fi sílẹ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá dúró, ẹ kúrò ní kọ́nà, ẹ gbé C-caution sẹ́yìn jìnnà. Kí ẹnì kan gbé lọ́ọ̀kì ṣéènì, ojú kékeré tí a fi ń so ẹnu ṣéènì méjèèjì pọ̀, méjì mẹ́ta dání. Ó kéré, ó sì lè gbé yín délé. Tí ẹ bá fi sí i, ojú tó dí lára irin pẹlẹbẹ tó há a ni kó kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, ojú tó là ni kó wà lẹ́yìn. Ẹ má fa ṣéènì ẹnikẹ́ni tí ẹ ò wọ̀n.

Ní ti alùpùpù rẹ ní báyìí, mi ò rí i lójú, mi ò sì lè fi ìwé tú ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ́ síìlì nìkan ló bàjẹ́, iṣẹ́ kékeré ni. Bó bá jẹ́ béárìn, lára irú ẹ́ńjìnì yẹn, a ó là á sí méjì ká tó débẹ̀, owó rẹ̀ ò sì ní kéré. Wo ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnì rẹ lónìí, má jẹ́ kó gbẹ. Dẹ ṣéènì sílẹ̀ bí mo ṣe sọ, kí o wá rọra gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ní sùúrù, ìbáà jẹ́ èmi, ìbáà jẹ́ ẹlòmíràn. Má gbé ẹnì kankan sẹ́yìn. Ọ̀kà Àkókó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, rárá o. Bó bá jẹ́ dandan kí o lọ, bẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn kó gbé ọ, kí o sì wọn ṣéènì tirẹ̀ náà kí ẹ tó gbéra.