Wíwọ́ ìdẹ lẹ́yìn káyáàkì lórí ọ̀sà: ẹ má de ọ̀pá yín pinpin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bí okùn ṣe máa gùn tó tí ẹ bá ń wọ́ ìdẹ oníke lẹ́yìn káyáàkì, ọkọ̀ kékeré tí à ń fi àjẹ̀ wà, lórí ọ̀sà Èkó. Mítà 20 sí 30 ti tó. Ẹ máa wa ọkọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyẹn ò le.

Ibi tí ìwọ̀ máa há sí ni wàhálà. Àkàjà, igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè máa sá wọ̀ ọ́, pọ̀ nínú omi yẹn, tí omi bá sì kún, ẹ ò ní rí i. Ẹni tó ta ọ̀pá fún mi, tó ń ṣe bí ọ̀gá nínú ẹja pípa, ló ní kí n dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pinpin, kí n sì fún bíréèkì ríìlì, ohun tí okùn ká sí lára ọ̀pá, pa kí okùn má lè tú. Omi ń fà lọ sókun nígbà tí ìwọ̀ kọ́ àkàjà. Okùn le gan-an. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ sí omi. Omi ń tì í níhìn-ín, okùn ń fà á lọ́hùn-ún, etí ọkọ̀ níbi tí ọ̀pá wà ń rì lọ díẹ̀díẹ̀. Mo nawọ́ sí ìdè, ó ti fún débi pé èékánná ò wọ̀ ọ́. Àpò ẹ̀yìn ni ọ̀bẹ wà. Kí n tó yíjú, mo ti bọ́ sómi, okùn ti lọ́ mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó tí mo wọ̀ ló gbé orí mi sókè títí àwọn apẹja fi wá gé okùn náà. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn.

Ẹ jẹ́ kí bíréèkì rọ̀, kí okùn lè máa tú. Àyà ni kí ọ̀bẹ wà. Tó bá há, ẹ yí padà, ẹ máa ká okùn bọ̀ títí ẹ ó fi dé òkè ibi tó há. Tí omi bá ń fà jù, ẹ gé e, ìdẹ ò tó ẹ̀mí.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu jẹ́tì, ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń bi mí. Kò sẹ́ni tó fi ibi tí àkàjà wà hàn mí nínú wọn. Apẹja etí omi ni kí ẹ bi.

Kútà ńkọ́? Eyín rẹ̀ máa gé okùn ọ̀rá, ẹ fi wáyà sí iwájú ìdẹ. Ẹ má gbé e lé itan láàyè o! Lákòókò òjò, ewéko ojú omi ni ẹ ó máa fà. Ẹ̀ẹ̀rùn tí omi iyọ̀ ti wọlé ló dáa. Ẹ má sì wọ́ okùn lójú ọ̀nà bóòtù elérò Ìkòròdú. Ìdẹ tó ń léfòó ni kí ẹ rà, torí èyí tó ń rì máa lọ bá igi nísàlẹ̀ tí ẹ bá ti dúró.