Ṣé ṣáàsì (férémù abẹ́ tó gbé ọkọ̀ ró) jíìpù Land Rover Defender àtijọ́ tó ti dógùn-ún ṣì ṣeé tún ṣe? Ìta gbangba ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkọ̀ mi ń sùn, àgbàrá sì ń kàn án.

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìpáàrà jẹ ẹ́ dé. Púpọ̀ nínú ara Defender àtijọ́ jẹ́ alumíníọ̀mù, irin ni ṣáàsì rẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹrẹ̀ àti omi iyọ̀ máa ń wọbẹ̀, nítorí náà inú ni ìpáàrà ti sábà máa ń jẹ ẹ́ kó tó hàn síta. Ẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọkọ̀ yín ń sùn, níta gbangba, tí àgbàrá sì ń kàn án: ẹ fi òòlù kékeré kan ṣáàsì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá irin ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá. Irin tó dára á dún ketekete. Èyí tó ti jẹra á dún bọ̀ọ̀, tàbí kí òòlù wọlé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan lẹ páànù mọ́ orí ìpáàrà. Abẹ́ rẹ̀ ni yóò máa jẹ lọ. Kó gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́, kó wá jó irin tuntun tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tú okùn bátìrì, kí ẹ sì sọ táǹkì epo kalẹ̀ kó tó tan iná.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ṣáàsì náà, ẹ kùn ún ní pírámà onísíńkì (ọ̀dà àkọ́kùn tó ní síńkì nínú), kí ọ̀dà tẹ̀ lé e. Ẹ fọ́n ìda olómi sínú ṣáàsì, ṣùgbọ́n ẹ má dí ihò tí omi ń gbà jáde. Ọ́ìlì dúdú tí àwọn kan ń fọ́n sábẹ́ ọkọ̀ máa ń ba rọ́bà jẹ́. Bí ọkọ̀ bá la omi ọ̀sà kọjá, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.