Àpótí Ìbéèrè: Agbábọ́ọ̀lù Wo Ni Ó Yẹ Kí A Sá Fún Nígbà Tí A Bá Ń Ṣa Ẹgbẹ́ Fantasy?

Láti ìgbà tí a ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Fantasy Premier League nínú àpótí yìí, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró mọ́. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kí ó mọ̀ pé owó eré mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ni wọ́n ń fún ènìyàn láti fi ra agbábọ́ọ̀lù 15 nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ohun tí àwọn wọ̀nyẹn bá ṣe ní pápá lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń kà sí póìǹtì fún un. Lẹ́tà mẹ́rin ni a mú lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí ká.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́tàlá ni a jọ ń ṣe Fantasy ní ibi iṣẹ́ wa, èmi ni mo sì gbẹ́yìn ní sáà tó kọjá. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni ó ń ra àmàlà fún gbogbo ilé. Kì í ṣe àwọn ẹni yẹpẹrẹ ni mo mú, àwọn tí orúkọ wọn ń dún ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣèṣe lónìí, èkejì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́la. Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ẹni tó yẹ kí ó sá fún mọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó àmàlà. Orúkọ ni ẹ rà, ẹ gbàgbé láti ra ìṣẹ́jú. Agbábọ́ọ̀lù tí ó bá wọ pápá ṣùgbọ́n tí kò lo ìṣẹ́jú 60 ń gba póìǹtì kan, ẹni tí ó bá lo 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba méjì, orí ìpìlẹ̀ kékeré yìí sì ni góòlù, ìrànwọ́ góòlù àti gbogbo ìyókù ń gbé jókòó. Ẹni tó léwu fún yín ni ẹni tí ẹ kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò wà ní pápá fún wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbáà mọ bọ́ọ̀lù gbá ju gbogbo ayé lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó ṣèṣe ni ó burú jù, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá wọ pápá rárá, eré náà fúnra rẹ̀ ni yóò fa ẹnì kan láti orí bẹ́ǹṣì yín wọlé dípò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ balógun yín, tí à ń sọ póìǹtì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àǹfààní náà yóò bọ́ sọ́wọ́ igbákejì balógun. Ṣùgbọ́n bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fi onítọ̀hún sórí bẹ́ǹṣì títí di ìṣẹ́jú 89, tí ó wá ní kí ó bọ́ sí pápá, a ti kà á sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn: kò sí arọ́pò, kò sí igbákejì. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọjọ́ Sátidé kan ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Balógun mi, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, wọlé nígbà tí àwọn kan ti ń dìde lórí àga, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì tí ó fi fa aṣọ ẹnì kan ya tí wọ́n sì fún un ní káàdì òfeefèé. Póìǹtì kan fún wíwọlé, ẹ yọ ọ̀kan fún káàdì, ó di òdo; ẹ wá sọ òdo di ìlọ́po méjì kí ẹ wò ó. Igbákejì mi ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Inú ẹgbẹ́ tí ìdíje rẹ̀ pọ̀, tí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì pọ̀, ni irú èyí ti wọ́pọ̀. Láti ìgbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Pep Guardiola ti dé Manchester City ní ọdún 2016 ni ó ti sọ ọ́ di àṣà pé ẹni tó bá gbá góòlù lónìí lè jókòó lọ́la, nítorí pé líìgì, Champions League àti ife ẹ̀yẹ méjì inú ilé ń dúró de ẹsẹ̀ kan náà, àwọn tí ń ṣe Fantasy sì fún àṣà náà lórúkọ, wọ́n pè é ní Pep Roulette, ìyẹn tẹ́tẹ́ Pep. N kò sọ pé kí ẹ má mú ẹnikẹ́ni nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ mú ẹni tí kò ní arọ́pò níbẹ̀ ni mò ń sọ. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ìdíje 38 ní ìṣẹ́jú 90 jẹ́ ìṣẹ́jú 3,420. Ẹ ṣí ojú ewé agbábọ́ọ̀lù náà, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó lò ní sáà tó kọjá kí ẹ tó wo iye góòlù. Bí ìṣẹ́jú náà kò bá tó ìdajì, kí ẹ bi ara yín ní ìdí rẹ̀, kí ìdáhùn náà sì tẹ́ yín lọ́rùn kí ẹ tó san owó.

Ní ti ìṣèṣe, ó ní irú èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Eegun ẹsẹ̀ dun Erling Haaland ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó kúrò ní pápá fún bí oṣù méjì, ó padà wá, ó sì tún ni ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù ní líìgì ní ìparí sáà. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn itan tí ó bá ti já lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Reece James ti Chelsea jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù láàárín àwọn ará ẹ̀yìn, síbẹ̀ iṣan yìí kò jẹ́ kí ó sinmi. Wọ́n tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lórí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọdọọdún ni àwọn ènìyàn ń sọ pé ara rẹ̀ ti yá, ọdọọdún ni wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá.

Ewu kan wà tí kò ní ìṣèṣe nínú, tí ó jẹ́ pé owó ni. Mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ni Cole Palmer nígbà tí sáà 2023/24 bẹ̀rẹ̀, ó sì gbá góòlù 22 ní líìgì. Àwọn tó ní in ní kùtùkùtù jẹ èrè ńlá. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 10.5 ni wọ́n fi lé e lórí. Ó gbá mẹ́rin wọlé Brighton láàárín ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, gbogbo wa sì pariwo; ṣùgbọ́n láti àárín oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 títí wọ oṣù Karùn-ún, kò gbá ẹyọ kan ní líìgì. Kò ṣèṣe púpọ̀, kò jókòó púpọ̀. Owó tó ti di ìlọ́po méjì ni kò jẹ́ kí àwọn tó dì í mú lè ra ẹlòmíràn. Ẹni tó jẹ́ ọ̀pọ̀ lánàá ti di ọ̀wọ́n lónìí, àwọn tó sì ṣètò eré yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó yẹ kí n mú atamátàsé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbá góòlù púpọ̀ níbi tó ti ń bọ̀? Àbúrò mi ní Haaland ni kí n máa rántí. — Òǹkàwé, Èkó

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé kí ó rántí Timo Werner pẹ̀lú. Góòlù 28 ni Werner gbá ní líìgì ilẹ̀ Jámánì ní sáà 2019/20. Ó dé Chelsea, Fantasy dá iye mílíọ̀nù 9.5 lé e, ó sì fi 6 parí sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní líìgì, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ tí wọ́n fagi lé. Darwin Núñez gbá 26 ní líìgì ilẹ̀ Pọtogí kí ó tó dé Liverpool ní 2022. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù líìgì ní Anfield ni ó fi orí gbá agbábọ́ọ̀lù Crystal Palace kan, wọ́n fún un ní káàdì pupa, póìǹtì Fantasy mẹ́ta lọ, ìdíje mẹ́ta tó tẹ̀ lé e lọ pẹ̀lú. Mẹ́sàn-án ni góòlù rẹ̀ ní líìgì ní sáà náà.

Ní ọdún kan náà ni Haaland dé, tí ó gbá 36, tí kò sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí ní sáà kan ní Premier League. Ohun tí mo rí sí i ni pé àyè rẹ̀ ti ṣófo kí ó tó dé, nítorí pé láti ìgbà tí Sergio Agüero ti lọ ní 2021, Manchester City ń gbá bọ́ọ̀lù láìní atamátàsé gidi, òun náà sì ni wọ́n fún ní pẹ́nárítì láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Bí tuntun yín bá ní àyè tó ṣófo àti pẹ́nárítì, ẹ mú un. Bí kò bá ní, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ wò ó, nítorí pé ìpààrọ̀ kan lọ́sẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, nígbà tí ìkánjú mú un àti ìkánjú jù ú nù lè gba póìǹtì mẹ́rin-mẹ́rin lọ́wọ́ yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni mo fẹ́ràn láti kó sínú ẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n AFCON máa ń kó wọn lọ. Ṣé kí n sá fún wọn ni? — Òǹkàwé, Peckham

ÌDÁHÙN: Ẹ má sá fún ẹnikẹ́ni ní oṣù Kẹjọ nítorí oṣù Kejìlá. Póìǹtì tí ẹ bá kó jọ kí ó tó lọ kò ní bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìgbà tí Morocco gbàlejò ìdíje náà láti oṣù Kejìlá 2025 sí oṣù Kìn-ín-ní 2026, tí Alex Iwobi àti Calvin Bassey fi Fulham sílẹ̀ lọ bá Super Eagles, àwọn tó ni eré yìí tilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ tó pé márùn-ún kí wọ́n lè tún ilé wọn ṣe. Ibi tí ewu wà ni ìpadàbọ̀. Mohamed Salah lọ sí Côte d'Ivoire ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, iṣan ẹ̀yìn itan mú un nígbà tí Íjíbítì ń bá Gánà gbá a, kò sì tètè bọ̀ sípò fún Liverpool.

Ẹ dárúkọ ìfẹ́ ọmọ ilé, èmi náà jẹ̀bi rẹ̀. Mo fẹ́ràn Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin tó gbá góòlù 10 fún Nottingham Forest ní líìgì ní 2022/23, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wọlé nígbà tí Forest fẹ́ já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣèṣe kò jẹ́ kí ó rí ẹsẹ̀ walẹ̀, títí di oṣù Karùn-ún 2025 tí ó fi ikùn kọlu òpó góòlù Leicester, tí wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n sì fi oògùn mú un sùn kí ara rẹ̀ lè yá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àdúrà ni ẹ máa fi tẹ̀ lé e, kí ẹ fi owó ra ẹlòmíràn títí yóò fi lo ìṣẹ́jú 60 ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra.

ÌBÉÈRÈ: Draft ni àwa ń ṣe ní tiwa, àwa mẹ́jọ, ẹnì kan kì í mú ẹni tí ẹlòmíràn ti mú. Ṣé ìmọ̀ràn yín kan àwa náà? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ó kàn yín, ṣùgbọ́n kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí balógun. Ìyípo tí ẹ fi mú ènìyàn ni owó yín, ẹni tó bá sì kẹ́yìn nínú ìyípo kan ni ó ń kọ́kọ́ mú nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni kẹjọ, ẹ ó mú ẹni kẹjọ àti ẹni kẹsàn-án tẹ̀ léra wọn, lẹ́yìn náà ẹ ó dúró kí mẹ́rìnlá lọ kí ó tó tún kàn yín. Ẹ má fi méjèèjì yẹn gba ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. Reece James tí mo bú lókè yìí, n kò ní kọ̀ ọ́ ní ìyípo kọkànlá, nítorí pé ẹni tí ẹ bá pàdánù níbẹ̀ kò ju ẹni tó wà nílẹ̀ láìní olúwa lọ.

Ẹ wá ṣọ́ra ní ti aṣọ́lé. Ẹgbẹ́ 20 ni ó wà ní líìgì, aṣọ́lé 20 péré ni ó sì ń rí pápá déédéé. Ẹ̀yin mẹ́jọ, méjì-méjì, ẹ ó kó 16 lọ. Bí ọ̀kan nínú ti yín bá jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aṣọ́lé mìíràn lé lórí, mẹ́rin péré ni ó ṣẹ́kù fún yín láti ṣà nínú rẹ̀, àfi bí ẹlòmíràn bá ti mú aṣọ́lé orí bẹ́ǹṣì ní tirẹ̀ láìmọ̀.