Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí fi Ìnjílà Barnabas ṣe ẹ̀rí?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, Áfáà wa. Ẹnìkan mú ìwé kan wá sí asàlátù wa, Ìnjílà Barnabas lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ni Ìnjílà gidi tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbé pamọ́, pé orúkọ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà nínú rẹ̀ kedere. Mo kà níbẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi, alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní ayédèrú ni, àti pé Al-Kùránì gan-an ló yá ìtàn ẹyẹ alámọ̀, èyí tí Ànábì Ísà fi amọ̀ mọ tó sì di ẹyẹ ààyè, látinú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ìjọ ti kọ̀. Ṣé kí n ṣì máa fi ìwé náà ṣe ẹ̀rí?

Ìdáhùn: Wà àlékùm sàlámù. Rárá, má fi ṣe ẹ̀rí mọ́. Lórí Barnabas, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ sọ. Lórí ẹyẹ alámọ̀, a ní èsì fún wọn.

Ẹ̀dà ìwé yìí tó pẹ́ jù tó ṣì wà, èdè Ítálì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlú Vienna ló wà. Àwọn tó yẹ bébà àti ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ wò gbé e sí nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọ̀kan tún wà lédè Sípéènì ní yunifásítì ìlú Sydney, kò pé. Kò sí ẹni tó tíì rí i lédè Hébérù, Árámáíkì tàbí Gíríìkì. Ní 1907 ni Lonsdale Ragg àti ìyàwó rẹ̀, Laura, gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì; ní 1908 Rashid Rida, onímọ̀ Mùsùlùmí kan, tẹ ti Lárúbáwá jáde ní Káírò, ó sì gba ibẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí. Tọkọtaya Ragg kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó fi hàn pé ìwé náà kò lè jẹ́ ti ayé Ànábì Ísà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tún un tẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn dànù, wọ́n sì ń ta ìyókù fún wa.

Wo inú rẹ̀ náà. Ó ní Ànábì Ísà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Násárẹ́tì, bẹ́ẹ̀ orí òkè ni Násárẹ́tì wà, ọkọ̀ omi kò lè débẹ̀. Ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọdún júbílì fi ń yí po. Àádọ́ta ni Tàórà sọ. Póòpù Boniface VIII ló ṣe ti ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1300.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tó yẹ kó ká wa lára ni pé ìwé náà tako Al-Kùránì. Nínú rẹ̀, Ànábì Ísà ní òun kọ́ ni Mèsáyà, ó ní Muhammad ni. Ọlọ́hun sì sọ nínú Súrà Àálì Ìmírán, áyà 45, pé al-Masīh ni orúkọ ọmọ Maryam. Ìwé Barnabas tún ní Maryam bímọ láìní ìrora kankan, nígbà tí Súrà Maryam, áyà 23, sọ pé ìrora ìrọbí ló gbé e dé ìdí ọ̀pẹ dàbínù, tó ń sọ pé ìbá sàn kí òun ti kú ṣáájú èyí. Ìwé tó pe Al-Kùránì ní òpùrọ́ lo fẹ́ fi gbèjà Al-Kùránì yẹn!

Àwọn oníjiyàn wa á ní ìwé òfin àtijọ́ kan, Decretum Gelasianum, dárúkọ Ìnjílà Barnabas láàárín àwọn tí ìjọ kọ̀. Ó dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ lásán nìyẹn, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú èyí tí wọ́n kọ̀ nígbà náà. Àwọn mìíràn tún máa ń dà á pọ̀ mọ́ Lẹ́tà Barnabas, ìwé àtijọ́ tó yàtọ̀ pátápátá.

Ó ku ẹyẹ alámọ̀. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìnjílà Ìgbà Èwe ti Thomas sọ pé Ànábì Ísà, lọ́mọ ọdún márùn-ún, fi amọ̀ mọ ẹyẹ méjìlá, wọ́n sì fò lọ. Pé ìjọ kọ ìwé kan kò sọ gbogbo ohun inú rẹ̀ di irọ́. Ìjọ náà kò tètè to ìwé tí wọ́n gbà: lẹ́tà Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, ní 367, ni ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí orúkọ ìwé 27 tó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun lónìí, láìdín láìlé. Ohun tí ìjọ gbà tàbí tí wọ́n kọ̀ kọ́ ni òṣùwọ̀n tiwa. Tún wò ó: ìwé Thomas yẹn kan náà ní ọmọdé Ísà ṣépè fún ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì kú. Èyí kò sí nínú Al-Kùránì. Áyà 32 Súrà Maryam ní Ọlọ́hun kò ṣe é ní aláìláàánú. Bí ó bá jẹ́ pé Al-Kùránì ń dà á kọ ni, ta ló wá ń ṣà á fún un, tó mú ẹyẹ tó fi èpè sílẹ̀? Ní ti ẹyẹ náà, Al-Kùránì fi kún un pé nípa àṣẹ Ọlọ́hun ni.

Òfin wa lórí irú ìwé báyìí wà nínú hádíìsì Abu Hurayrah tí Bukhari gbà wá: ẹ má gba àwọn oní-Tírà gbọ́, ẹ má sì pè wọ́n ní òpùrọ́, ẹ sọ pé a gba Ọlọ́hun gbọ́ àti ohun tí Ó sọ̀ kalẹ̀ fún wa. Àwọn onímọ̀ bíi Ibn Kathir ṣàlàyé pé ohun tí ẹ̀sìn wa jẹ́rìí sí, a gbà á. Èyí tó tako ẹ̀sìn wa, a kọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ̀sìn wa kò sọ nǹkan kan sí, a lè sọ ọ́ bí ìtàn, a kò ní fi ṣe ẹ̀rí. Inú èyí tí a kọ̀ ni ọ̀rọ̀ Mèsáyà inú Barnabas bọ́ sí.

Tí o bá fẹ́ ẹ̀rí lórí wíwá Ànábì wa, Súrà as-Saff, áyà 6, wà ńlẹ̀. Padà lọ kí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé o ti wádìí ìwé náà, o kò ní kà á fún wọn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ lè tọ́jú ẹ̀dà kan sílé, ṣùgbọ́n ẹ má kà á ní asàlátù, ẹ má sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé kéú.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.