Ìyá Tó Ń Dá Tọ́mọ Nínú Ìtàn Ìfẹ́: Ta Ló Máa Dárí Jì Í?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mò ń kọ ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ nípa ìyá kan tó ń dá tọ́mọ, ó ń ta gààrí ní Sábó, wọ́n yọ ọ́ nínú kọ́yà nígbà tó lóyún, wáyìí bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fẹ́ ẹ. Báwo ni mo ṣe máa kọ ìdáríjì yẹn tí ò ní dà bí ìwàásù?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó jẹ́ bọ̀dá yẹn ló máa dárí jì í o, kí ni obìnrin náà fi ṣẹ̀ ẹ́? Lọ ka Lúùkù orí 7, obìnrin tó fi omijé wẹ ẹsẹ̀ Jésù, ojú àwọn tó ń fojú burúkú wò ó nídìí oúnjẹ ni Olúwa ti ní a dárí jì í, kò sí ọ̀rọ̀ ọkọ níbẹ̀ rárá. Ka ti Hágárì náà ní Jẹ́nẹ́sísì 21, omi tán, ó gbé ọmọ sábẹ́ igbó, Ọlọ́run sì gbọ́ ohùn ọmọ yẹn.

Ibi tó máa dùn jù lójú tèmi ni ìyá tó bí i. Jẹ́ kí mama yẹn tó ti ń bá a yodì látìgbà oyún wá bá a níbi tó ti ń yan gààrí, kó má sọ nǹkan kan, kó kàn gbé ọmọ yẹn pọ̀n. Bọ̀dá lè dúró de orí tó kàn.